Fi Oúnjẹ Sáàárín Ìrìn

Ètò tó wọ́pọ̀ nínú ìrìn ìlera tí ẹgbẹ́, ìjọ tàbí iléeṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kí àwọn èèyàn kóra jọ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí wọ́n wọ fáníìlà kan náà, kí wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n fẹnu kò sí, kí wọ́n wá jókòó ti oúnjẹ níbẹ̀. Ìrẹsì á jáde, mínírà tútù á tẹ̀ lé e, kálukú á sì wọkọ̀ lọ sílé lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlera ká lára máa ń bínú sí apá tó kẹ́yìn yìí. Wọ́n á ní oúnjẹ ti ba iṣẹ́ àárọ̀ jẹ́, pé ìrìn nìkan ló yẹ kí a máa rìn. Àpilẹ̀kọ yìí gba ọ̀nà mìíràn. Ohun tó ń fẹ́ àtúnṣe ni ibi tí wọ́n fi oúnjẹ náà sí. Bí a bá gbé e kúrò ní ìparí, tí a bù ú ní ìwọ̀nba, tí a fi í sáàárín ìrìn, tí ẹsẹ̀ sì tún gbéra lẹ́yìn tí ẹnu ti jẹ tán, oúnjẹ yóò ṣe iṣẹ́ méjì: yóò mú kí àwọn èèyàn máa padà wá, ara yóò sì rí ṣúgà inú rẹ̀ lò kí ó tó gbé ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè jù. Igbó Ẹfọ̀n, ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iyanrìn, géètì, omi òjò àti ọkọ̀ asáré wà níbẹ̀ láti mú ìrìn nira. Àkàrà gbígbóná, ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti ẹja yíyan náà sì wà níbẹ̀ láti mú kó wu ènìyàn.

Kí a tó dé ìdí oúnjẹ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìrìn fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Inú ọkọ̀ kan náà ni dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀ jọ máa ń wà, ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó, kọ̀ndọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ alájà méjì lọ sókè sódò láti gbowó. Àrùn ọkàn kò bá àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ jà tó bó ṣe ń bá àwọn dírẹ́bà jà, èyí tó bá wọn pàápàá kì í tètè pa wọ́n. Ẹni tó ń fi wákàtí púpọ̀ jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárín Ajah àti Victoria Island lójoojúmọ́, ipò dírẹ́bà yẹn ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń wa ọkọ̀ fún un. Ìrìn tí yóò tú u sílẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìgbésẹ̀ 10,000 lóòjọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo, orúkọ ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ tí wọ́n tà ní Japan ní ọdún 1965 ló ti jáde, kò ti inú ìwádìí wá. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn àgbà obìnrin 16,741 ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i ní ọdún 2019 pé ikú dín ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ń rin nǹkan bí ìgbésẹ̀ 4,400 lóòjọ́, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tó ń rin 2,700. Àǹfààní yẹn ń pọ̀ sí i títí ó fi dé nǹkan bí 7,500, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ àjogúnbá fún èèyàn dúdú, pé ìrìn kò lè yí i padà. Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ìbàdàn wà lára wọn, dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 1997. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tó tan mọ́ ara wọn láti ìran: àwọn ará Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn ará erékùṣù Káríbíà, àti àwọn èèyàn dúdú ní Maywood, nítòsí Chicago. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in; ní Káríbíà, ìdá 26; ní Maywood, ìdá 33. Ìran kan náà ni, ọ̀nà ìgbé-ayé ló yàtọ̀: ìwọ̀n ara, iyọ̀ inú oúnjẹ, àti bí ènìyàn ṣe ń lo ara rẹ̀ sí. Àwọn àkójọ ìwádìí tó jáde láìpẹ́ yìí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà ti súnmọ́ ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé a ti ń bá Maywood dọ́gba láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí ìgbé-ayé gbé wá, ìgbé-ayé lè gbé e padà, ó kéré tán ní apá kan.

Ìṣòro tó kù ni pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìrìn dára, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rìn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2015, Sarah Hanson àti Andy Jones ti Yunifásítì East Anglia kó ìwádìí 42 jọ lórí àwọn ẹgbẹ́ tó ń rìn pọ̀, láti orílẹ̀-èdè 14, èèyàn 1,843 lápapọ̀. Ìwọ̀n òkè ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ ní nǹkan bíi 3.7 mmHg, ti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi 3.1, ọ̀rá ara wọn dín, agbára èémí wọn pọ̀ sí i, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì fúyẹ́. Ẹni tó bá wo 3.7 yẹn lè fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ tí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ kò ní kéré. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni kò jáwọ́. Yorùbá kò nílò kí a kọ́ wọn ní ìdí rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń jáde ní ìran-ìran, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Ohun tó ń mú ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dìde lọ jó nínú oòrùn ni pé bí kò bá wá, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ìrìn tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ẹni lẹ́yìn rẹ̀ ni ó máa ń rọrùn láti pa tì.

Bí ẹgbẹ́ bá ń mú ènìyàn wá, oúnjẹ ń mú ẹgbẹ́ wá. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì mọ́. Ìkìlọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ìrìn tí olówó kan tàbí olóṣèlú kan gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ kì í fi í pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí oúnjẹ má jẹ́ ọ̀fẹ́. Kálukú ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ní iye tí ará àdúgbò ń rà á. Nígbà náà, ohun tó ń fa ènìyàn kò ní so mọ́ àpò ẹnì kan. Adùn ibẹ̀ àti ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni yóò máa fà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àárín, tí kì í ṣe ìparí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iṣan. Lẹ́yìn tí a bá jẹ oúnjẹ oníyẹ̀fun, ṣúgà máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì sábà máa ń dé téńté rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Iṣẹ́ insulin ni láti ṣí ilẹ̀kùn ara kí ṣúgà yìí lè wọlé. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í dúró de insulin. Bí ó ṣe ń sún kì, tó ń nà, ló ń ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣan itan sì wà lára èyí tó tóbi jù nínú ara wa. Ẹni tó jẹun tó jókòó ti ilẹ̀kùn wọ̀nyí pa ní wákàtí tí wọ́n wúlò jù. Ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, Andrew Reynolds àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àgbàlagbà 41 tó ní àtọ̀gbẹ fi ọ̀nà méjì rìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ nígbà tó bá wù wọ́n, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àròpọ̀ ìṣẹ́jú kan náà ni. Síbẹ̀, ṣúgà tó tẹ̀ lé oúnjẹ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún dín nígbà tí wọ́n rìn lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì fi ìdá 22 dín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Èyí jáde ní ọdún 2016. Ní ọdún 2013, Loretta DiPietro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti rí ohun tó jọ ọ́ láàárín àwọn àgbà mẹ́wàá tí àtọ̀gbẹ ń wu léwu. Àwọn èèyàn inú ìwádìí méjèèjì kò pọ̀, wọ́n sì ti dàgbà tàbí ti ń ṣàìsàn, nítorí náà kò yẹ kí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le retí ìyàtọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí iṣan ń gbà ṣiṣẹ́ ni kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí ilẹ̀ wàyí. Igbó Ẹfọ̀n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, láàárín Agungi àti Chevron. Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn abúlé tó wà ní ìpín ilẹ̀ yìí, láàárín ọ̀sà àti òkun, wà láàárín igbó àti àbàtà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kò ní lọ jìnnà: Lekki Conservation Centre, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ṣì pa hẹ́kítà 78 mọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bọ, ọ̀nì àti afárá orí igi tó gùn ní mítà 401. Lónìí, ẹ̀sítéètì onígéètì ti yí abúlé ká, ẹni méjì sì lè máa gbé ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá síra fún ọdún gbọgbọrọ kí wọ́n má mọ ojú ọ̀nà ara wọn. Ìrìn kìlómítà márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ lè tún ibẹ̀ so pọ̀. Kí a rin bíi kìlómítà kan ààbọ̀ nínú àwọn òpópó inú, kí a dúró lọ́dọ̀ alákàrà, kí a jẹ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí ògì tí kò ní ṣúgà púpọ̀. Kí a tún rin kìlómítà méjì, kí a jẹ abọ́ ẹ̀wà àgọ̀nyìn kékeré kan, oúnjẹ tí àwọn obìnrin láti apá Tógò àti Benin sọ di ti Èkó. Kìlómítà kan ààbọ̀ tó kù ni ó ṣe pàtàkì jù, òun ni a kò gbọdọ̀ fi kòròpé rọ́pò. Ní ìrọ̀lẹ́, bọ̀ọ̀lì, ẹja yíyan àti súyà lè gba ipò wọn. Ẹ̀wà dára fún irú ìrìn yìí nítorí pé kì í sáré di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ní èròjà amáradàgbà. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ ni iyọ̀ àti epo ọbẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó mọ ìṣirò á ní oúnjẹ yìí ti gba gbogbo ohun tí ìrìn ná. Òótọ́ ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 tó rin kìlómítà márùn-ún yóò ná nǹkan bíi kálórì 250 sí 300. Ẹ̀pà yíyan gíráàmù 50 nìkan ti tó kálórì 280, mínírà onílítà ààbọ̀ kan sì lè ní ṣúgà tó súnmọ́ gíráàmù 50, ìlọ́po méjì gíráàmù 25 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó dára kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fọn nípa ìrìn ọ̀sẹ̀ kan, tó tún ń jẹ láìka iye, kò ní fọn. Ṣùgbọ́n àtakò yìí gbàgbé ohun méjì. Àkọ́kọ́, oúnjẹ àárọ̀ ni èyí. Ẹni tó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ tún un jẹ nílé. Èkejì, àǹfààní ìrìn kò so mọ́ ìwọ̀n ara nìkan. Iṣan tó ń gba ṣúgà, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń dẹ̀ àti ọkàn tó ń le sí i, gbogbo wọn ń ṣẹlẹ̀ bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ yí. Omi ni kí a mu, kí mínírà dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Àtakò tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti ìmọ́tótó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì ṣẹ́ yọ ní Èkó, Etí-Ọ̀sà sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ti rí i. Ìjọba ìpínlẹ̀ tọ́ka sí ohun mímu kan tí a fi òfíò ṣe, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí a má kàn ka gbogbo oúnjẹ ojú títì sí májèlé. Àkàrà tó ń jáde látinú epo tó ń hó, bọ̀ọ̀lì tó wà lórí ẹyín iná, ẹ̀wà tó gbóná débi tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, iná ti kọjá lára wọn. Ohun tó tutù, tí a fi omi tí a kò mọ orísun rẹ̀ pò, tàbí èso tí ẹlòmíì ti bó sílẹ̀, ni kí a yẹra fún. Kí kálukú gbé omi tirẹ̀ àti ọṣẹ dání, kí a fọwọ́ ká tó jẹun. Ẹgbẹ́ sì ní agbára kan tí ẹnì kan kò ní: bí èèyàn ogún bá ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé àwọn á máa wá bí ó bá ń bo oúnjẹ, tí kò sì fi ọwọ́ tó fi gbowó bù ú, ó ní ìdí láti gbọ́.

Ti ọ̀nà àti afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Báńkì Àgbáyé ti ṣírò eruku tíntìntín tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ ní Èkó sí máìkírógíráàmù 68 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju 5 lọ. Ṣé ìrìn nínú irú afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe ìpalára? Marko Tainio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí lórí òṣùwọ̀n ní ọdún 2016. Wọ́n rí i pé níbi tí eruku náà bá tó 100 pàápàá, ènìyàn gbọ́dọ̀ rìn ju wákàtí mẹ́wàá lọ lóòjọ́ kí ibi rẹ̀ tó borí ire rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ tiwa kò sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò sí ìdí láti fi imú gbá èéfín ọkọ̀ nígbà tí òpópó inú wà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ léwu ju èéfín rẹ̀ lọ: afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kí a fi sọdá márosẹ̀, ìlà kan ni kí a tò sí níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí a kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí òjò bá ti kún ọ̀nà, kí a sún un síwájú, nítorí omi tó bo ilẹ̀ lè bo gọ́tà tí wọn kò dé. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ rìn jìnnà kó tó jẹun láìbi dókítà rẹ̀ léèrè, ẹni tí àyà ń dùn kò sì gbọdọ̀ pa á mọ́ra nítorí pé òun ń wá ìlera. Eré tó yẹ ni èyí tí a lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè kọrin.

Àtakò tó kù kò wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn kan á ní ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n tipẹ́, pé alágbàṣe àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń rìn wọ ẹ̀sítéètì láràárọ̀ kò nílò ẹgbẹ́ kankan, àti pé kí olówó máa tò kiri abúlé láti wo bí tálákà ṣe ń jẹun jẹ́ ìwọ̀sí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, ọ̀nà tó gbà á láìléwu ló nílò, kò nílò ìwàásù. Ṣùgbọ́n èyí kò fagi lé ìrìn. Ó ń sọ bó ṣe yẹ kí a rìn ín. Kí a kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, kí ọmọ abúlé wà lára àwọn tó ń ṣáájú, kí a má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgbàyè, kí a san iye tí a dá lé ọjà. Èrè kan tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ní mọ́tò, tó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ibi tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, yóò di agbẹnusọ fún un níwájú alága ẹ̀sítéètì àti ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí ohùn alákàrà kì í sábà dé.

Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè tó nítorí pé ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè lọ́sẹ̀, àti nítorí pé ṣúgà tí iṣan gbà ní Sátidé kò dá èyí tí a jẹ ní ọjọ́ Ajé dúró. Ohun tí Sátidé lè fi lé wa lọ́wọ́ ni àṣà: pé lẹ́yìn ẹ̀bà tàbí ìrẹsì alẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín abọ́ àti àga tẹlifíṣàn, a sì lè rìn ín nínú ọgbà ilé ẹni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń ṣe é dáadáa kò nílò ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀. Kí ó ka iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń wá ní oṣù kẹta, kí ó sì wo iye àwọn tó dìde rìn lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán. Bí àkọ́kọ́ bá pọ̀, tí èkejì kò pọ̀, àpèjẹ ni wọ́n ń ṣe. Bí èkejì bá pọ̀, tí àkọ́kọ́ ń dín, kí wọ́n wá alákàrà tó mọ̀ ọ́n dín jù bẹ́ẹ̀ lọ.